Bàbá Mi Ló Ni Bọ́gà, Kì í Ṣe Ẹlẹ́rìn-ín

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù,
                                        Òpópónà Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tiwa le. Ọkàn mi nìkan ni kò tíì rọ̀, òun ni mo ṣe ń kọ̀wé.

O rántí Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ iṣẹ́ Bàbá mi. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹran lílọ̀ sáàárín búrẹ́dì; ìlú tó ń pè é ní tiwọn kò lóǹkà. Ní òpópónà wa, kò sí iyàn: Bàbá mi ni. Àwọn awakọ̀ tí kò ráyè jókòó jẹun ló kọ́kọ́ ṣe bọ́gà fún. Kí á tó ṣẹ́jú, àwọn nọ́ọ̀sì àti ọmọléèwé náà ti ń tò síwájú ilé wa.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín lọ ṣí ilé oúnjẹ ńlá sódìkejì títì. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé òun lòun dá bọ́gà sílẹ̀ níbí. Ìyẹn kò tíì dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Bàbá gbádùn, tó fi ọ̀pá rìn lọ kí i, Ẹlẹ́rìn-ín wò ó lójú, ó sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ má dá baba yìí lóhùn, orí rẹ̀ ti dàrú." Bàbá padà wálé, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó lọ dùbúlẹ̀.

Mo pa iṣẹ́ télọ̀ mi tì, mo tún iná Bàbá dá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta bọ́gà níwájú ilé wa. Mo lọ bá oníbúrẹ́dì tó ń gbé búrẹ́dì fún Ẹlẹ́rìn-ín. Bàbá ló gba oníbúrẹ́dì yìí sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí, kò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní òun kò ní gbé búrẹ́dì débẹ̀ mọ́. Búrẹ́dì líle ni Ẹlẹ́rìn-ín wá ń tà. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé wo bí ilé oúnjẹ rẹ̀ ṣe ń ṣófo, ó sì ń dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Pè mí níkà bó o bá fẹ́. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. "Ẹ ṣàánú mi, sà. Iṣẹ́ yòówù tẹ́ ẹ bá fún mi, màá ṣe é."

Bàbá ní, "Dìde. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní kò ní jẹun o, àfi tó bá kọ́kọ́ sọ òótọ́ fáwọn tó tò síta. Ó jáde. Ó ní: "Bàbá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́. Irọ́ ni mo pa." Wọ́n kẹ́yìn sí i, wọ́n ń ra bọ́gà wọn lọ.

Bàbá ti dárí jì í, ó ti gbà á síṣẹ́. Èmi máa ń yẹ abọ́ tó bá fọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá èyí tí kò mọ́.

Bá mi kí ìyá rẹ àti gbogbo ilé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé,
Ọmọ Oníbọ́gà.