Ẹyẹlé Tí Kò Lè Fò

Yàrá ẹ̀yìn, Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
Ojúlé kejìlá, Òpópónà Ilé-Ìwòsàn.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Irọ́ ni. Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n ti ìyẹn kúrò lọ́nà ná. Wọ́n sọ fún ọ pé mo ṣílẹ̀kùn ilé ẹyẹlé àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ẹyẹ inú rẹ̀ sì fò lọ. Ẹyẹlé tí kò lè fò dé orí àga, báwo ni yóò ṣe fò kúrò nílé? Ẹni tó gbé ìròyìn náà wá bá ọ kò fojú kan wọn rí.

Ó yá, báwo ni nǹkan? Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ìyàwó wà? Orúnkún ìyá wa ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Ìkókó yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Mo ń fojú inú wò ọ́ bí o ṣe ń gbé e káàkiri yàrá bí ẹni gbé ẹyin. Ara tèmi le. Ọkàn mi náà le, ju bí àwọn kan ṣe fẹ́ lọ.

Gbọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an. O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré, ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ń sin irú ẹyẹlé kan tí à ń pè ní atàkìtì. Wọn á gbé e sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, wọn á tì í díẹ̀ nídìí, ẹyẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkìtì sẹ́yìn, á máa yí gbirigbiri títí yóò fi kọlu ògiri. Èyí tó bá yí jìnnà jù ni ọba. Mo ti rí oníbàárà tí a fá orí rẹ̀ dé ìdajì, tó fò dìde láti pàtẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà ti ń so èyí tó ń yí jù pọ̀ mọ́ èyí tó ń yí jù, ọmọ pẹ̀lú bàbá, ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú àbúrò, títí ìyẹ́ apá wọn fi di ọ̀ṣọ́ lásán.

Abo funfun kan wà nínú wọn, èmi ni mò ń bọ́ ọ. Bó bá na ọrùn sí omi, òkìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá sín, òkìtì. Gbogbo iwájú orí rẹ̀ ti bó. Bàbá Kékeré ní kí n fi akọ tí wọ́n jọ jáde nínú ìtẹ́ kan náà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní n kò ní í ṣe é. Mo ní akọ aláwọ̀ eérú tó máa ń bà sórí òrùlé wa ni màá ṣílẹ̀kùn fún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ìwọ náà mọ̀ mí. Ìgbà wo ni mo di aláwàdà? Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ṣílẹ̀kùn, akọ náà sì wọlé.

Abo yìí yé, ó pa ọmọ méjì. Nígbà tí wọ́n hu ìyẹ́, àwọ̀ eérú hàn, ọ̀kan sì fò lọ bà lé orí dígí ńlá ṣọ́ọ̀bù níṣojú àwọn oníbàárà. Ariwo ta! Bàbá Kékeré ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí mo ti ń ṣọ́ kí wọ́n tó bí ẹ, ìwọ lọ fi ẹyẹ ìgboro bà á jẹ́!" Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ni yóò lọ́ àwọn ọmọ náà lọ́rùn, lójú gbogbo wọn. Wọ́n pè mí síwájú. Ọ̀gá Télọ̀, alága wọn, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ yìí fẹ́ kí ẹyẹlé máa fúnra rẹ̀ wá ọkọ. Láìpẹ́, á ní ká lọ kí àna ẹyẹ!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá Télọ̀, ṣé àbúrò yín lẹ̀yin fẹ́ sílé ni?" Ẹ̀rín dá.

Ọ̀rọ̀ yẹn le, mo mọ̀. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n, nítorí àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni mo tọrọ àforíjì fún, kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi kò lọ́ ẹyẹ kankan lọ́rùn, kò sì ní í lọ́ ọ.

Bàbá Kékeré bi mí pé èmi tí mò ń jẹ adìẹ, ta ni mo rò pé ó mú kó sanra bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, n kò sá fún un. Mò ń jẹ ẹran, màá sì tún jẹ ẹ́. Àwọn bàbá wa náà ṣẹ̀ṣà ewúrẹ́ tó ń bí ìbejì, wọ́n ṣẹ̀ṣà ajá tó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wọn ń rìn dáadáa, ajá wọn sì ń mí láìní ìnira. Pé mò ń jẹ ẹran kò ní kí n ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ìjà kó yẹrí. Ó dáa. Ẹyẹlé ti ṣe tirẹ̀. Onílé ńkọ́?

Bí mo ṣe kó ẹrù mi àti àwọn ọmọ ẹyẹ méjèèjì wá sọ́dọ̀ káfíńtà nìyẹn, nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bàbá Kékeré ti ránṣẹ́ pé bí mo bá gbé òkú àwọn ọmọ náà wá, àyè mi ṣì wà. Mo ní kí wọ́n fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń fá orí ọmọdé tí kò fi ní sunkún, mo sì fẹ́ràn wọn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò padà sẹ́yìn.

Bá mi kí ìyá wa àti ìyàwó. Kí tíṣà wa àtijọ́ náà, kí o sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣì ń jiyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ pé ta ló wà lẹ́yìn mi, dá a lóhùn. Ìyàwó Bàbá Kékeré wà lẹ́yìn mi: kọ́kọ́rọ́ ilé ẹyẹlé ti wà nínú àpò wọn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ mú akọ wá bá abo funfun yẹn, kó wá gbà á lọ́wọ́ àwọn. Káfíńtà wà lẹ́yìn mi: ẹyẹ méjì ń su sórí pákó rẹ̀ lójoojúmọ́, kò tíì lé wa. Ẹnì kẹta ni ìwọ. N kò tíì bi ọ́, mo ti kà ọ́ mọ́ wọn.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
Alágídí.