Ọ̀jọ̀gbọ́n Edith Ìkẹ́olúwa Akínwándé (1947–2025), Tó Wá Ilé Yèyé Kàn

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1947 ni a bí màmá wa sí agbo-ilé Ògúngbadé, Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, n'Ìbàdàn. Tíṣà ni bàbá wọn, Samuel Ògúngbadé, ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sì ń bá ṣiṣẹ́. Ìyá wọn, Lucy, ń ta aṣọ òfì l'Ọ́jà'ba. Ọmọ méjì ni wọ́n tọ́ dàgbà: Olúdayọ̀, àti màmá wa tí í ṣe àbúrò.

Ilé ìwé ìjọ tó wà nítòsí Mápó ni màmá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bèèrè ìbéèrè tó ń mú àgbà wúkọ́. Wọ́n gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn ní 1971, wọ́n di ọ̀mọ̀wé ní 1979, wọ́n sì ń kọ́ni ní yunifásítì títí di 2012 tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ní 1974 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, Ẹnjiníà Japheth Akínwándé, tó máa ń ṣàwàdà pé ìwé ni ọkọ àkọ́fẹ́ wọn. Bàbá ṣaláìsí ní 2009. Ọ̀pọ̀ ọdún ni màmá fi kọ́ àwọn obìnrin ìjọ ní Bíbélì, wọ́n sì máa ń bá wọn jiyàn dáadáa.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé wọn àkọ́kọ́, nítorí náà ẹbí kó wọn sí pálọ̀, wọ́n ń nu eruku ara wọn, kò sì sí ìjà. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ ìwé tuntun, *Àwọn Tí Ogun Kó Wálé*, ní 2018.

Ní agbo-ilé wa, Yèyé là ń pe ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ ìyá ni gbogbo àdúgbò ń wí. Àwọn àgbà wa máa ń fi yangàn pé oyè ìyàwó balógun ni. Màmá wádìí rẹ̀ dé ìlú kékeré kan lẹ́bàá Iléṣà, wọ́n sì rí i pé níbẹ̀, gbogbo ìyá ni yèyé, àti olówó àti tálákà. Ìyá tó bí bàbá bàbá wọn ló mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé wa. Ọmọdébìnrin tí ogun kó ni. Ìyá tirẹ̀ ló ń pè, àwọn ará ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an ni oyè mọ́gàjí, olórí agbo-ilé, kan ẹ̀gbọ́n màmá, Bàbá Olúdayọ̀. Wọ́n bẹ àbúrò wọn kí ìwé tó jáde pé kí wọ́n yọ ìtàn Yèyé, ìyá tí ogun kó yìí, kúrò, kí àwọn tó ń bá wọn du oyè má baà fi dí wọn lọ́nà. Màmá sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Bùọ̀dá mi, bí mo bá yọ wọ́n, ogun tún kó wọn lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn." Ni ẹ̀gbọ́n kò bá yà sílé wa mọ́. Ó dun màmá ju ikú bàbá wa lọ, àwa tí a wà nílé la mọ̀.

Nígbà tí ẹbí pé láti yan mọ́gàjí, ìbátan kan láti ìdí ìyàwó mìíràn gbé ìwé náà sókè. Ó ní, "Ọmọ ẹrú ò lè jẹ mọ́gàjí nílé yìí o. Àbúrò wọn ló kọ ọ́, kì í ṣèmi!" Màmá dorí kodò. Bàbá Olúdayọ̀ dìde, wọ́n ní, "Ìyá tó bí bàbá bàbá mi lẹ ń bú yẹn. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Àbúrò mi ti bá wa rin ọ̀nà náà débẹ̀. Ẹ máa gbé oyè yín lọ." Wọ́n di àbúrò wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ jáde. Ẹlòmíràn ló jẹ mọ́gàjí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ lọ sí ìlú náà, wọ́n sì rí ìdílé tí ogun ti kó Yèyé.

Màmá sùn nínú Olúwa lọ́jọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n wọn sáyé, pẹ̀lú àwa ọmọ wọn, Ìtùnú àti Iyìolúwa, àti àwọn ọmọ-ọmọ. Àwọn tó wọ ọkọ̀ wá láti ẹ̀bá Iléṣà ló jókòó sí ìlà iwájú lónìí. Bàbá Olúdayọ̀ ní kí a kọ ọ́ síhìn-ín gbangba: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè wọ́n ní àlejò.

Ẹ sùn re o, màmá wa. Kí ilẹ̀ Ìbàdàn rọ̀ yín lára.