Fóònù Télọ̀ Kò Mọ Ojú Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ o. Ìyá rẹ ní kí n kí ẹ, wọ́n ti yọ eyín tó ń dùn ún. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Ara tèmi náà le, inú mi ni kò dùn, télọ̀ ilé kejì ló sì fà á.

Ìwọ náà mọ ọ̀nà òkè wa, bó ṣe ga tó, bó ṣe tóóró tó, tí àpáta wà lọ́tùn-ún tí ọ̀gbun wà lósì, tí kẹ̀kẹ́ méjì ò lè pàdé kí ọ̀kan má fẹ̀yìn ti àpáta. Ogún ọdún ni mo fi gbé búrẹ́dì gùn ún, mi ò sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ rí. Télọ̀ yìí, kọ́nà kejì ló ti máa ń sọ̀kalẹ̀, tí yóò máa ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ti ọmọ olóríkunkun lọ síléèwé.

Àfi bí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílùú ńlá ṣe fi fóònù ránṣẹ́ sí i. Fóònù yìí máa ń ka ìrìn èèyàn, ó sì máa ń mọ ìgbà téèyàn wà lórí kẹ̀kẹ́ àti ìgbà tó sọ̀kalẹ̀. Tí télọ̀ bá ti fi sápò gun òkè, fóònù á ròyìn fọ́mọ náà, ọmọ á sì pè é lójú ẹsẹ̀ láti kí i kú akitiyan. Ìyá rẹ wá ń sọ lójú mi pé télọ̀ mà ń gbìyànjú o. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, mo jowú, mo jowú dé eegun.

Mo ní kí fóònù fúnra rẹ̀ dájọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì mo ní kí télọ̀ yá mi ní fóònù náà. Kò jiyàn rárá, ó yẹ kí n ti fura. Mo nu ojú fóònù kó lè rí mi dáadáa, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo fi sápò àyà, ó di òkè. Ní kọ́nà kẹta èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mi, alùpùpù kan sì fẹ́ gbá mi mọ́ àpáta, síbẹ̀ mi ò sọ̀kalẹ̀. Bí mo ṣe dókè pátápátá ni fóònù dún. Ọmọ télọ̀ ni. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ẹkún ayọ̀ ló ń sun, ó ní bàbá òun ò sọ̀kalẹ̀ rárá lónìí, ó ní ṣé ara wá le báyìí.

Ṣé o rí fóònù ọ̀dàlẹ̀? Èmi làágùn, télọ̀ ló gba oríyìn. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀. Àmọ́ ohùn rẹ̀ dùn létí mi. Mo ní o ṣé, ọmọ mi. Nígbà tí mo dá fóònù padà, télọ̀ ní kí n tún wá mú un lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ó ní orúnkún ò jẹ́ kóun gbádùn mọ́, òun ò sì fẹ́ kọ́mọ òun mọ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi fóònù ránṣẹ́ sí mi, èyí tó mọ ojú èèyàn, pẹ̀lú owó táyà ẹ̀yìn. Sọ fún àwọn tó ń tà á kí wọ́n kọ orúkọ mi sínú rẹ̀ kí wọ́n tó dì í. Bí ọwọ́ ò bá sì tíì dẹ̀, má dààmú. Ọlọ́run yóò gbé ẹ ga, o ò ní jábọ́, ọ̀nà tóóró á fẹ̀ fún ẹ. Nọ́ńbà télọ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Lọ́jọ́ Ẹtì, lágogo mẹ́wàá àárọ̀, èmi ni màá wà lókè pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Jọ̀ọ́, tètè pè, kí ọmọ télọ̀ tó pè.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.