Awò Ojú Kẹ́hìndé

Ìdófin,
Ìgbó-Ọrà.

Ọláyídé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí Ọmọ́tárá ìyàwó rẹ. Mo lérò pé ara yín le ní Ìbàdàn. Ara tèmi náà le. Inú ló ń bí mi, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Awò ojú méjèèjì tí o fi rán dírẹ́bà sí wa dé lánàá. Wọ́n rẹwà, wọ́n sì jọra wọn délẹ̀. Bí àwọn ọmọ ṣe gbé wọn sójú ni wọ́n ń yan kiri àgbàlá, tí gbogbo àdúgbò ń sọ pé ìbejì rẹ gbayì. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ṣé o rántí ìgbà tí mo mú Kẹ́hìndé lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Èrúwà, nítorí pé ojú òsì rẹ̀ ń yẹ̀ sápá imú? Dókítà fún un ní awò, ó ní kò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ àfi tó bá fẹ́ sùn. Ó ní ojú ọmọdé kì í dúró deni, pé tó bá dàgbà tán, awò lè má ràn án lọ́wọ́ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún ọ.

Àfi bí o ṣe wálé Ọdún Àjíǹde, tí o bá awò lójú Kẹ́hìndé nìkan, tí Táyé ń sunkún pé wọn ò ra tòun. O ní, "Màámi, ìbejì ni wọ́n. Ohun tá a bá ṣe fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ ṣe fún èkejì." O bọ́ awò lójú ọmọ, o fi í sápò, o ní o fẹ́ kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún Táyé ní Ìbàdàn. Táyé tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere! Mo pariwo, o ní iṣẹ́ tíṣà ṣì wà lára mi. Mo fẹ́ ra òmíràn, o ní kí n má ya ìbejì rẹ. Tí mo bá sì pè ọ́, "Ó ń bọ̀, Màámi" ni. Àjíǹde méjì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárọ̀ yìí mo mú Kẹ́hìndé àti awò tuntun lọ Èrúwà. Dókítà bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ó ní kó ka lẹ́tà tó tóbi jù lára ògiri. Ọmọ náà ní, "Lẹ́tà wo?" Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ti pa ojú yẹn tì. Ó ní àwọn á gbìyànjú, ṣùgbọ́n òun ò ní tàn mí.

Nígbà tí à ń bọ̀, Kẹ́hìndé bi mí nínú mọ́tò pé, "Màmá àgbà, ṣé ojú òsì Táyé náà ò ní ríran mọ́ ni?" Ìwọ lo mọ òfin ìbejì. Wá dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run bá wa dá ojú ọ̀tún rẹ̀ sí. Kí ó má jẹ́ kí o tún fi ọwọ́ ara rẹ ba ohun tí o fẹ́ràn jẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ń bí,
Oyinadé.

Àfikún: O máa ń yangàn pé ìwọ bàbá wọn gan-an kì í dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Tí o bá dé, rọra dúró lápá òsì wọn, má sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sáré wá dì mọ́ ọ, Táyé nìyẹn.