Kọ́kọ́rọ́ Maṣíìnì Ìránṣọ Rẹ

Àwẹ̀ró mi,

Irọ́ ni mo pa fún ọ, nígbà tí Fúnmi ṣì wà lẹ́yìn rẹ, pé kọ́kọ́rọ́ àpótí maṣíìnì ìránṣọ rẹ ti sọnù. Èmi ni mo tì í. Mi ò fẹ́ kó o máa wọn ìbàdí àwọn ọkùnrin Ìkọ̀lé fún ṣòkòtò. O ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wá." Mo ní kó o dákẹ́. O sì dákẹ́.

Ara mi le níbí ní Sípéènì lọ́dọ̀ Fúnmi. Má ka ẹkún rẹ̀ lórí fóònù sí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ibùsùn mi wà, ọmọbìnrin aláṣọ funfun kan sì ń kọ́ mi ní èdè wọn. Ó ní tí mo bá fẹ́ pàṣẹ fún ojúgbà mi, kí n mú respirar, ìyẹn mímí, kí n gé r ìparí rẹ̀ kúrò: respira, mí! Comer, jíjẹ, á di come. Ní ti abrir, ṣíṣí, r á lọ, i á sì di e: abre.

Láràárọ̀ ló ń pariwo mọ́ mi, "Respira! Come!" Kò sí "ẹ" kankan níbẹ̀. Èmi tí mò ń pàṣẹ nílé! Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Bá mi kí Ẹlúyẹmí àbúrò mi àti gbogbo ará ilé.

Mo wé kọ́kọ́rọ́ náà sínú bébà yìí. Abre, Àwẹ̀ró. Jọ̀wọ́, ṣí i.