Ẹ̀rọ Ilé Ìwòsàn Ní Òun Ò Mọ̀ Mí

Ọmọ mi,

Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo ti lò láyé, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kí n ti tètè sọ ọ́ kí o má baà fi ẹnu rẹ ṣòfò. Má sọ fún mi pé kí n kó wá sọ́dọ̀ rẹ. Má sọ fún mi pé kí n ra rédíò tuntun. Má sì sọ pé kí n bẹ ẹlòmíì kó bá mi kọ̀wé, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, ìwé kẹta ni mo kà dé, ìwé kẹta náà sì tó mi í lò. Níbi tí o bá ti rí i tí ọ̀rọ̀ wọ́, ìlà inú ìwé ló wọ́, kì í ṣe èmi.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé o máa ń jẹun kí oúnjẹ tó tutù? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n bí ọ nígbà tí gbogbo wọn ti ní ó parí fún mi, òun ni yóò máa lọ níwájú rẹ, yóò máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ, yóò sì bá ọ jókòó sórí àga ibi iṣẹ́ yẹn kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ọ́. Èmi náà wà. Àbúrò mi, ìyá rẹ kékeré, wà nínú yàrá kejì, ibẹ̀ ló ti ń gba gbogbo ayé nímọ̀ràn, ó ní kí n kí ọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, páànù tó wà lókè máṣíìnì ìránṣọ mi ti ń jò, mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ń dún tó, tó, tó, mo fi ń ka iye ìṣẹ́jú.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ọkàn mi ò balẹ̀. Ọjọ́ kẹfà rèé tí o ti ní o máa pè mí padà. Mo gbé fóònù sójú fèrèsé níbi tí o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná. Obìnrin kan ló pè, kò kí mi, ó kàn ní kí n tẹ ení. Mo tẹ ení, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí mi létí. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, kúrò lójú ọ̀nà, ọmọ mi ń bọ̀ wá gbabẹ̀ kọjá. Kò dákẹ́.

Jẹ́ kí n ti ìdí ọ̀rọ̀ bọ̀. Lóṣù tó kọjá tí mo bi ọ́ léèrè iṣẹ́ tí ò ń ṣe gan-an, o ní kòkòrò lò ń pa nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. O ní àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ti pa á tì, wọn ò tọ́jú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní òmíràn, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò, nítorí náà ìwọ àtàwọn méjì kan ló kù tó ń ṣa kòkòrò inú rẹ̀. O ní níbi tó bá ti ya, ẹ máa ń ṣe àbùlẹ̀ fún un, ẹ ó sì fi àbùlẹ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní ó dáa, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò lè tẹ máṣíìnì mọ́. Kòkòrò àti àbùlẹ̀! Ṣé ohun tí mo fi ojú àti ọrùn ránṣọ nítorí rẹ̀ nìyí? Èmi tí mi ò kọjá ìwé kẹta, mo ti pa àbùlẹ̀ ṣíṣe tì kí n tó bí ọ, aṣọ tuntun nìkan ni mò ń gbà. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ládùúgbò, mo ní o wà ní ọ́fíìsì ńlá, mo sì máa ń yára bi wọ́n léèrè àwọn ọmọ tiwọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi nílé ìwòsàn. O mọ akọ̀wé tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí a ń pè ní Olójú-mẹ́rin nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ife. Ó tẹ orúkọ mi, ó tún un tẹ̀, ó nu awò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá ní Màmá, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ yín. Mo ní kí ló wí? Mo ní ta ló rán kọ́tíìnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn? Ta ló rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà níbí, títí kan ti nọ́ọ̀sì àgbà tí àpò rẹ̀ kì í gbọgba? Ó ní kì í ṣe òun ló wí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń jẹ́ oníbàárà, òun ló máa ń lọ kanlẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà nílùú ńlá lọ́hùn-ún, tó máa ní Ìyá báyìí báyìí dé o, oògùn wo là ń fún un, tí èyí tó wà nínú ilé á wá dá a lóhùn. Ó ní láti ọjọ́ Ajé ni oníbàárà ti ń kanlẹ̀kùn tí ohùn rẹ̀ ò yé wọn mọ́. Mo ní oníbàárà wo nìyẹn? Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ, oníbàárà tí ò bá lè pe ara rẹ̀ lórúkọ lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì ṣe tán láti rajà. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Olójú-mẹ́rin ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kòkòrò kan ló wà níbẹ̀.

Mo ní kòkòrò! Mi ò bá a jiyàn mọ́, mo lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì mo dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo mú káńfọ̀ mẹ́jọ tí mo fi ń tọ́jú aṣọ lọ́wọ́, mo sì gbé oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sábẹ́ apá. Nígbà tí Olójú-mẹ́rin yíjú sí ibi tí wọ́n ń to fáìlì sí, mo gba ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, mo rí àwọn ihò wẹ́wẹ́, mo sì rí ihò ńlá kan tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí dànù. Kí ni kòkòrò tún ń wá ju ìyẹn lọ? Mo ju káńfọ̀ sínú ihò ńlá ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo wá fín oògùn tẹ̀lé e. Àṣé fáànù kan ń yí níbẹ̀. Ó gbé káńfọ̀ kan, ó ń gbá a, tàà, tàà, tàà, tàà! Gbogbo bẹ́ǹṣì dìde. Ọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá pé kò lè rìn ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Olójú-mẹ́rin di orí mú. Ó ní Màmá, ẹ pa mí! Mo ní kí ló dé, ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ pé kòkòrò ni? Mo ní ọmọ mi obìnrin ni wọ́n ń sanwó fún nílùú ńlá kó máa pa irú rẹ̀, iṣẹ́ ilé wa ni. Ó bi mí pé ibo lọmọ yín ti ń ṣiṣẹ́? Mo sọ orúkọ ibi iṣẹ́ rẹ bí o ṣe kọ ọ́ sínú ìwé fún mi. Ó ní ẹ gbọ́ ná, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn lọ́jọ́ Ajé, àbùlẹ̀ yẹn gan-an ló ba oníbàárà jẹ́, kì í ṣe àwọn nìkan, gbogbo ilé ìwòsàn tó ń lo irú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ni. Ó sọ ọ́ létí gbogbo wọn.

Ọmọ mi, mi ò mọ ibi tí màá fojú sí. Mo kó àpò mi, mo ní ọmọ mi kì í lẹ nǹkan kó já, mo sì jáde. Nọ́ọ̀sì àgbà sáré tẹ̀ lé mi, ó ní Màmá, ẹ má dá a lóhùn, ẹ wá, màá fi gègé kọ yín sínú ìwé, màá fún yín lóògùn. Mo ní rárá o. Mo ní bó bá jẹ́ ọmọ mi ló ya aṣọ, ọmọ mi ni yóò rán an, mi ò ní gba ẹ̀yìnkùlé wọ ibi tí ọmọ mi á ti mú mi gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ọjọ́ kẹsàn-án rèé, mi ò fi hóró oògùn kan kan ẹnu. Orí mi ń pariwo bí máṣíìnì tí wọn ò fi òróró sí. Àbúrò mi ní orí kunkun ló máa pa mí. Mo ní bí mo bá fẹ́ ìmọ̀ràn, màá kan ògiri.

Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò sọ ti oògùn, nítorí mo mọ̀ pé o ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo kàn bi ọ́ pé àbùlẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ṣé ẹ fọ aṣọ rẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́? O mí kanlẹ̀, o ní Ìyá, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ní aṣọ tuntun kò tíì súnkì. Bí o bá rán an mọ́ ògbólógbòó, á jókòó dáadáa lójú rẹ, wàá máa yin ara rẹ, olówó rẹ̀ á gbé e lọ sílé, á fọ̀ ọ́, tuntun á súnkì, á fa ògbólógbòó ya, ihò kejì á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní ara ta ni ẹ fi wọ̀n ọ́n wò? Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. O wá dáhùn pẹ̀lú ohùn kékeré, irú èyí tí o fi sọ fún mi nígbà kan pé àtùpà ti fọ́, o ní orí kọ̀ǹpútà tuntun ni ẹ ti dán an wò, nítorí wọ́n ti gbé ògbólógbòó tó kù ní ọ́fíìsì yín jù sínú ibi ìkẹ́rùsí. O ní Ìyá, mò ń bọ̀, màá pè yín padà. Kò! O ti gbé fóònù sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Bóyá inú ló ń bí ọ sí mi. Bóyá wọ́n ti lé ọ. Mo tún rò ó pé kòkòrò tó bá lè jẹ irin, kí ni kò lè jẹ lára ọmọ mi? Ṣé o máa ń wọ ìbọ̀wọ́?

Àná ni mo kọ ọ̀rọ̀ dé ibi tí mo kọ ọ́ dé yìí. Bí mo ṣe fẹ́ dìde lọ da omi abọ́ nù, àbúrò mi já wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ní Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ̀rọ ti ń dá èèyàn mọ̀! Mi ò sáré, àgbà kì í sáré, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Mo dúró níwájú Olójú-mẹ́rin, mo di etí tábìlì rẹ̀ mú nítorí ojú ń yí mi. Mo ní tẹ orúkọ mi. Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo bẹ́ǹṣì na ọrùn. Iná kékeré ara ẹ̀rọ náà ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Mo ní nínú ara mi pé Ọlọ́run, má jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣẹ̀sín. Ni ó bá gbé mi jáde: orúkọ mi, ọjọ́ orí mi, òpópónà wa, oògùn mi, gbogbo rẹ̀ pátá.

Olójú-mẹ́rin ní àbùlẹ̀ tuntun ló dé láàárọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan bá a wá, òun ti kà á fún nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, kò yé wọn. Ó kà á fún mi. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé, Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa, a gbé ògbólógbòó jáde láti ibi ìkẹ́rùsí, ara rẹ̀ la fi wọ̀n ọ́n wò, èyí tí a fi ránṣẹ́ yìí, a ti fọ aṣọ rẹ̀. Ó ní Màmá, aṣọ wo? Mo ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, kò kan ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́. Mo gba oògùn mi, mo gba omi, mo gbé e mì lójú gbogbo wọn.

Èyí tó kù ni pé ẹ̀rọ náà ń pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni. Kòkòrò kan ṣì kù níbẹ̀, mú un. Olójú-mẹ́rin yọ káńfọ̀ mẹ́fà jáde, ó ní ó ti tán. Mẹ́jọ ni mo jù sí i. Mi ò sọ fún un, jẹ́ kí méjì yẹn máa ṣọ́ ilé.

Wọ́n máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bí wọ́n bá tún bi mí léèrè iṣẹ́ rẹ, àbùlẹ̀ ni màá wí, màá sì wí i sókè.

Fi bátìrì ńlá mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi. Bí owó díẹ̀ bá tẹ̀ lé e fún páànù tó ń jò, mi ò ní dá a padà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já. Àwọn tí o bò láṣìírí, Ọlọ́run yóò rán àwọn tó máa bo ìwọ náà. O ò ní di ẹni àpatì láyé, àwọn ògbólógbòó tí ò ń tọ́jú kò ní gbàgbé rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ bátìrì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà tí o mú irin tí mo fi ń tú máṣíìnì mi, tí o fi tú rédíò mi palẹ̀, o ní ò ń wá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò nà ọ́. O ní Ìyá, ẹ fún mi di ọ̀la, màá tò ó padà. Ọ̀la yẹn ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Rédíò náà wà nínú abọ́ lórí pẹpẹ, mo fi aṣọ bò ó, sukúrúù mọ́kànlá ló wà nínú agolo, ìkankan ò sọnù. O ti tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe fún àwọn tí o ò rí rí. Tèmi wà nínú abọ́. Gbèsè ni. Wá san án.