Ẹni Tí Mo Fà Wálé Láti Deer Park

                                        24, Pecan Hollow Lane,
                                        Stafford, Houston,
                                        Texas.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọláṣẹ́gun,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó ń jẹ amọ̀, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Ẹ̀yìn tó ń ro Màmá wa ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Níbí, a dúpẹ́. Ọláníkẹ́ ìyàwó mi ń kí ọ gan-an. Ooru ti ń dínkù, a ti lè jókòó síta báyìí láìlàágùn.

Mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí WhatsApp wà. Àwọn ọmọ rẹ ló ń ṣí fóònù rẹ kí ìwọ gan-an tó ṣí i, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tiwọn. Kì í ṣe ti Màmá náà. Oyíndà tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni mo fi rán. Bí o bá kà á tán, fi pamọ́.

Mo ra nǹkan kan. Má rẹ́rìn-ín. Ilé kékeré onítáyà ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ lọ gbafẹ́ lọ́nà jíjìn. Kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì gba Ìkirè kọjá o. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ó sì ní fèrèsé mẹ́ta. Ọdún 1968 ni wọ́n ṣe é, ó fi ọdún méje jù mí lọ. Òrùlé rẹ̀ ń jò, plánkì ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, agbọ́n sì ti kọ́lé sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọláníkẹ́ bi mí pé ṣé ilé tí à ń gbé ni kò tó wa mọ́. Mo ní àwọn ọmọ ni mo rà á fún.

Irọ́ ni mo pa. O rántí pé nígbà tí físà Baba jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní àwọn ò ní sùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, yàrá tó wà nílẹ̀ tó sì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ ni àwọn fẹ́. Mo ṣì ń ronú bí mo ṣe máa ṣe é nígbà tí ìjọba ti pápákọ̀ òfuurufú pa nítorí kòrónà. Wọ́n ti di báágì wọn sílẹ̀. Oṣù Keje, wọ́n kú. Nígbà tí mo rí ilé onítáyà yìí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé Baba ì bá fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Evelyn ló ni ín, ní Deer Park, lápá ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Ọ̀rẹ́ mi Fúnṣọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò náà, ló fi pickup rẹ̀ bá mi lọ. Nígbà tí a so ó mọ́ ọkọ̀ tán, Evelyn gbé ọwọ́ lé ara ilé náà, ó ní ó yẹ kí n mọ ohun kan. Ọkọ òun, Roy, jẹun ọ̀sán tán lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń lọ sinmi nínú rẹ̀, kò sì jáde láàyè mọ́. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Òun ò sùn síbẹ̀ láti ìgbà náà, òun ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Ó wá bẹ̀ wá pé kí a rọra wa ọkọ̀, torí Roy kò fẹ́ràn eré.

Ṣẹ́gun, orí mi wú. Fúnṣọ́ ní ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni, ó yí orin ìyìn sókè, a bọ́ sí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn. Àmọ́ ara mi kò balẹ̀. O mọ àṣà ilé wa: ẹni tó bá jókòó ti òkú lọ́nà gbọ́dọ̀ máa sọ ọ̀nà fún un, pé a ti dé orí afárá, pé a fẹ́ sọdá. Bí kò bá sọ ọ́, òkú á dúró sí etí odò, pósí lásán ló máa délé. Mo wò ó pé òkú ọkọ Evelyn ni à ń fà lọ yìí, ẹnikẹ́ni ò sì bá a sọ̀rọ̀. Bí a ṣe dé orí odò kékeré àkọ́kọ́, mo yíjú sẹ́yìn, mo rọra sọ fún un pé odò rèé, à ń sọdá. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni mo ń sọ sí òyìnbó. Mo tilẹ̀ fi ara mi rẹ́rìn-ín.

Lórí odò kejì, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì sọ́tùn-ún sósì. Ó ń fa ọkọ̀ wa, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Kì í ṣe Roy ni mo pè.

“Àkànbí, ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Oríkì Baba. Mi ò pè é láti ọdún márùn-ún. Ilé náà sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn wa. Fúnṣọ́ yí orin sílẹ̀, ó bi mí pé, “Bọ̀dá Délé, who you dey talk to? Ta ni Àkànbí?” Mo ní kó máa wa ọkọ̀ lọ. Ó rọra wà á títí a fi dé Stafford.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. O rántí bí Baba ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, kí àwọn obìnrin lè tún ìró wọn ró. Ọ̀sán Sátidé ni mo gbọ́ ọ, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé onítáyà náà, mò ń yọ plánkì. Mo wo ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́nìkan. Mo ní ojora ló ń ṣe mí. Ní Túsìdeè, Ọláníkẹ́ ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé láàárọ̀, ó ń bínú sí mi. Ó ní òun kí mi kú iṣẹ́ láti ìta, mo kàn wúkọ́ dá òun lóhùn. Mi ò sí nílé, àbúrò mi. Mo lọ ra plánkì. Mi ò sọ fún un, mo ní kó má bínú.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀, bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí mi ò gbọ́ ọ, mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí. Èmi àkọ́bí ló yẹ kó jókòó ti òkú Baba láti Ìbàdàn délé, ìwọ lo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí ẹ dé orí afárá Aṣẹ́jírè, ṣé o sọ fún wọn? Mo bi ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, o ní gbogbo rẹ̀ lọ geere, o sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, àmọ́ mo mọ̀ pé ìwọ kò ríran lọ́jọ́ yẹn, àwọn elétò ìlera oníbòmú sì yí ọ ká. N kò bínú. Bí o bá sọ ọ́, kọ ọ́ sí mi bẹ́ẹ̀, màá lọ bi Evelyn bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta ni Roy náà máa ń wúkọ́. Bí o kò bá sọ ọ́, jọ̀ọ́, má ṣe lọ sí Aṣẹ́jírè lọ bẹ̀ wọ́n. Wọn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti Bọ̀dá Adéògún aládùúgbò yín, kí o sì bá mi gbá àbíkẹ́yìn rẹ mọ́ra.

Mo ti tún ilẹ̀ ilé onítáyà náà ṣe, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀ bí Baba ṣe fẹ́ ẹ. Inú oṣù Kejìlá ni mò ń bọ̀ wálé. Èmi ni n ó jókòó tì wọ́n lọ́tẹ̀ yìí, n ó sì máa sọ ọ̀nà fún wọn láti orí òkun títí a ó fi kọjá Aṣẹ́jírè.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí èsì,
                                        Bámidélé.